Ẹ Má Tètè Pè É Ní Òkú: Ẹ̀kọ́ Lára Káàdì Kan Tí Kò Ṣí

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

 

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé ìròyìn yìí bẹ̀ wá pé kí a kọ ẹ̀kọ́ kan tí tọmọdé tàgbà lè mú lò nínú ilé. A ti pinnu láti kọ ọ́ lórí àdúrà ìdílé, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa ní àkókò ìmúrasílẹ̀ fún àjọ̀dún yìí tí ó yí èrò wa padà. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí káàdì mẹ́mọ́rì kékeré kan, tí kò fẹ̀ tó ìka méjì, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó kọ̀ láti kà á.

Inú káàdì náà ni ohùn olóògbé olùkọ́ wa wà, àwọn tí ó kọ́ wa ní físíìsì ní kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún. Ní ìpàdé ìkẹyìn tí Bàbá bá wa ṣe, wọ́n jókòó sórí àga níwájú gbọ̀ngàn, wọ́n sì sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ọmọkùnrin ayàwòrán tí ó gbà á sílẹ̀ ti kọjá sí Kánádà. Káàdì yẹn nìkan ni ó fi sílẹ̀ fún wa, nítorí pé kò ráyè da ohun inú rẹ̀ sí ibòmíràn kí ó tó lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Bàbá sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ wọn béèrè ohùn náà lọ́wọ́ wa, ìgbìmọ̀ sì béèrè àwòrán.

A ki káàdì náà bọ ihò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà wa nínú ilé wa ní Surulere. Kò sí ohun tí ó jáde. A yọ ọ́, a tún un kì; bákan náà ni. A gbé e tọ alátùn-únṣe kan lọ. Ó fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì kọ ọ́ sójú pé a ní láti fọ́máàtì káàdì náà kí a tó lè lò ó. Ọmọkùnrin náà ní, “Bàbá, káàdì yìí ti kú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó tún ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n fọ́máàtì rẹ̀.” Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. A jẹ́wọ́ fún yín pé a ti fẹ́ wí pé kí ó ṣe é.

Ohun tí ó dá wa dúró ni tọ́ọ̀ṣì kan tí a rí nínú kíláàsì ní èyí tí ó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

1. TỌ́Ọ̀ṢÌ INÚ KÍLÁÀSÌ

Bàbá mú tọ́ọ̀ṣì kan tí kò tàn wọ kíláàsì lọ́jọ́ náà, wọ́n sì bi wá léèrè ohun tí ó ṣe é. Ẹnì kan ní bátìrì rẹ̀ ti tán. Òmíràn ní gílóòbù rẹ̀ ti jó. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí a jù ú nù kí a ra òmíràn, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Bàbá kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n yọ bátìrì rẹ̀, wọ́n fi sínú tọ́ọ̀ṣì mìíràn tí ara rẹ̀ dá, ó tàn. Wọ́n dá bátìrì náà padà, wọ́n yọ gílóòbù, wọ́n tún fi òun náà sínú tọ́ọ̀ṣì tí ara rẹ̀ dá, ó tàn. Nígbà náà ni wọ́n wo ìdí tọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n sì fi hàn wá pé irin títẹ̀ tí ó ti bátìrì sókè ti dípẹtà. Wọ́n fi abẹ ha á. Tọ́ọ̀ṣì náà tàn.

Òfin méjì ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èkíní ni pé ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ èyí tí ó mú ìyàtọ̀ wá. Èkejì ni pé a kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí a kò ní lè dá padà kí a tó mọ ibi tí àìsàn wà.

Fífọ́máàtì káàdì jẹ́ ohun tí ó ṣòro láti dá padà. Nítorí náà a gba káàdì wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, a sì padà sílé. A ránṣẹ́ sí ọmọ ẹlẹgbẹ́ wa kan, ọmọbìnrin tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba. Ó dé ní ọjọ́ Sátidé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì wí pé, “Dádì, ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má tíì fọwọ́ kan káàdì náà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ohun tí ó rí.” Ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ni a fi kọ ohun tí ó tẹ̀lé èyí.

2. ÀWỌN TÍ Ó WÀ LÁÀÁRÍN KÁÀDÌ ÀTI OJÚ WA

Kí a tó wá àìsàn, ó yẹ kí a mọ ẹ̀yà ara. Ohun mẹ́rin ni ó ní láti pé kí àwòrán tó lè kúrò nínú káàdì kí ó dé ojú wa.

Ìkíní ni káàdì fúnra rẹ̀. Irú èyí tí a ń lò nínú kámẹ́rà, èyí tí à ń pè ní SD, jáde ní 1999 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta: SanDisk, Panasonic àti Toshiba. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń gba ẹrù sí i. Èyí tí a kọ SDHC sí lára, tí ó jáde ní 2006, kò ju 32GB lọ. Èyí tí a kọ SDXC sí lára, tí ó jáde ní 2009, bẹ̀rẹ̀ láti òkè 32GB lọ. Ìyàtọ̀ yìí yóò padà wá bá wa níwájú.

Ìkejì ni ẹ̀rọ kékeré tí ó wà nínú ihò kọ̀ǹpútà, tí ń ka káàdì. Ìkẹta ni ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní driver. A ó máa pè é ní ògbufọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí iṣẹ́ ògbufọ̀ gan-an ni ó ń ṣe: ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ìkẹrin ni ìlànà tí a fi to àkọsílẹ̀ sínú káàdì. Àwọn ìlànà wọ̀nyí pọ̀, wọ́n sì yàtọ̀ síra bí èdè ti yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan lè má mọ èkejì.

Àwa tí a ń gba ọ̀nà Herbert Macaulay kọjá ní Yaba kò yẹ kí a fojú kéré ògbufọ̀. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ni Herbert Macaulay í ṣe, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ó sì dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ilé-ìwé gíga àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Nàìjíríà. Ìwé Mímọ́ ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé Ìwé náà kú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wà láàyè. Ògbufọ̀ ni kò tíì dé.

Kọ̀ǹpútà tiwa kì í lo Windows mọ́. Nígbà tí ó ń falẹ̀, tí kòkòrò sì ń dà á láàmú, ọmọ wa fi Ubuntu sínú rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ Linux ni Ubuntu. Linux ni ètò tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ó gbé ìwé ìpìlẹ̀ rẹ̀ síta fún gbogbo ayé láti kà, láti tún ṣe, àti láti pín láìsan owó. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ni ó dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004. Inú èdè àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní gúúsù Áfíríkà ni ó ti mú orúkọ náà, ó sì sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí: pé ènìyàn kò dá jẹ́ ènìyàn láìsí ẹlòmíràn. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n a máa fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, ní orílẹ̀-èdè yòówù kí ó wà.

Ní inú ètò yìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ògbufọ̀ ni ó ti wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní kernel, èyí tí a lè fi wé ekùrọ́ inú ẹyìn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni àti ilé-iṣẹ́ kárí ayé ni ó ń kọ wọ́n. Àǹfààní ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n bí kernel ẹni bá ti pẹ́, ó ṣeé ṣe kí ògbufọ̀ tí a nílò má tíì sí nínú rẹ̀.

3. ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN, Ọ̀KAN LẸ́YÌN ÒMÍRÀN

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Láti òde ni a ti bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

(i) Ǹjẹ́ káàdì náà wà láàyè?

Ṣáájú ohun gbogbo, ọmọbìnrin wa mú káàdì náà, ó sì ti àgádágodo kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà. Bí a bá tì í, kọ̀ǹpútà ṣì lè ka káàdì náà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó lè kọ nǹkan sí i. Káàdì kékeré ti fóònù, èyí tí à ń pè ní microSD, kò ní i. Ara àpò tí a ń fi í sí kí ó lè wọ ihò ńlá ni ó máa ń wà.

Lẹ́yìn náà ó wo àwọn irin pẹlẹbẹ tí ó ń dán ní ẹ̀yìn káàdì. Ó fi aṣọ gbígbẹ tí ó mọ́ nù wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ní àkókò ọyẹ́ àti nínú eruku Èkó wa yìí, ìnùlẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ nìkan ti tó láti jí káàdì mìíràn. Tiwa kò jí. A yá kámẹ́rà tí ó jọ ti ayàwòrán náà lọ́wọ́ ọmọ ìjọ wa kan, a fi káàdì sínú rẹ̀. Àwòrán Bàbá yọ sí ojú kámẹ́rà náà, wọ́n wọ agbádá funfun, ọ̀pá wọn sì wà láàárín ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin ará, káàdì tí wọ́n ti sọ pé ó kú kò kú rárá. Bí a bá ti jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọwọ́ àwa fúnra wa ni a ì bá fi pa á.

(ii) Ǹjẹ́ ihò kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́?

Òfin Bàbá nìyí: ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. A mú káàdì 8GB kan tí ara rẹ̀ dá, a fi sínú ihò kan náà. Kò sí ohun tí ó jáde. Nítorí náà, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn káàdì wa nìkan. Ọmọbìnrin wa tan iná sínú ihò náà, ó rí i pé kò sí ìdọ̀tí, kò sì sí irin tí ó tẹ̀. A ń bá ìbéèrè lọ.

(iii) Ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń ka káàdì wà lára òun?

Níhìn-ín ni a ti ṣí ojú dúdú tí à ń pè ní Terminal. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ibi tí a ti ń bi kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè tí ó sì ń dáhùn ni. Ó tẹ lspci, kọ̀ǹpútà sì ka orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí a dè mọ́ ọn nínú jáde. Ó tẹ lsusb, ó ka àwọn tí ó gba ọ̀nà USB wọlé. Kò sí ẹ̀rọ káàdì kankan nínú méjèèjì. Ó dà bí ẹni pé a pe rẹ́jísítà kíláàsì, tí ọmọ kan kò sì dáhùn.

Ó ṣàlàyé fún wa pé àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí, nítorí àti dín iná bátìrì kù, wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ káàdì bí wọn kò bá rí káàdì nínú rẹ̀ nígbà tí a tan wọ́n. Àwọn mìíràn a máa gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa ìdérí wọn dé tí wọ́n sùn. Ìwòsàn rẹ̀ rọrùn. A pa kọ̀ǹpútà pátápátá, a fi káàdì sínú ihò, a sì tún un tan. Nígbà tí a tún tẹ lspci, orúkọ Realtek jáde, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ káàdì náà. Ọmọ tí a ń pè ti dáhùn. Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí kò fẹ́ pa kọ̀ǹpútà rẹ̀: àṣẹ yìí yóò mú kí ó tún rẹ́jísítà pè:

echo 1 | sudo tee /sys/bus/pci/rescan

Bí kò bá dáhùn lẹ́yìn gbogbo èyí, kí a wo inú ètò tí ó máa ń yọ kí Ubuntu tó tan, èyí tí à ń pè ní BIOS, nítorí ẹnì kan lè ti pa ihò náà níbẹ̀. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, tí kò sì dáhùn síbẹ̀, nígbà náà ni a tó lè fura pé ẹ̀rọ náà gan-an ni ó bàjẹ́. Ẹ̀rọ akakáàdì tí a ń fi sí ojú USB wà ní ọjà, kò sì wọ́n.

(iv) Ǹjẹ́ ògbufọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́?

Ó tẹ lsmod láti mọ àwọn ògbufọ̀ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí ó jẹ́ ti Realtek inú kọ̀ǹpútà wa ni rtsx_pci. Ó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn a máa lo rtsx_usb tàbí sdhci_pci, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ wọn ti rí. Ó tẹ sudo dmesg, èyí tí í ṣe ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí kernel ń kọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá a rí i pé kọ̀ǹpútà ti rí káàdì kan, ó sì ti sọ ọ́ ní mmcblk0. Ó tẹ lsblk, a rí i pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bí 59GB. Ẹ̀rù bà wá, nítorí 64GB ni a kọ sí ara káàdì náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tí ó sọnù: ẹni tí ó ta káàdì fi 1,000 kà á, kọ̀ǹpútà fi 1,024 kà á.

(v) Ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè tí a fi kọ ohun inú káàdì?

A tún fi káàdì 8GB ti àkọ́kọ́ sínú ihò náà. Lọ́tẹ̀ yìí ó ṣí lójú ẹsẹ̀. A dá tiwa padà, kò ṣí. Ẹ kíyè sí i pé ihò kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà, ògbufọ̀ kan náà. Káàdì nìkan ni a yí padà, nítorí náà ìyàtọ̀ ní láti wà lára àwọn káàdì méjèèjì. Nígbà tí ó fi àṣẹ mount pe káàdì náà, kọ̀ǹpútà dáhùn pé òun kò mọ ohun tí ń jẹ́ exfat.

Ibí yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ìlànà tí a ń pè ní FAT32 ni a fi ń to ohun inú káàdì SDHC. Ìlànà yẹn kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó tó 4GB, fídíò gígùn sì ń tètè kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí SDXC dé, ìlànà exFAT ni wọ́n yàn fún un. Microsoft ni ó ṣe exFAT, ó sì jẹ́ ohun ìní rẹ̀ tí a kò lè fi sínú Linux bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹjọ 2019 ni Microsoft gbé àlàyé rẹ̀ síta, tí ó sì gbà kí Linux máa lò ó. Láti kernel 5.7, tí ó jáde ní 2020, ni ògbufọ̀ rẹ̀ tí ó dáńgájíá ti wà nínú Linux. Ubuntu 18.04 ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà tiwa, ó sì ti dàgbà jù ú lọ. Ó ṣeé ṣe pé ohun kan náà ni ó ṣe kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti alátùn-únṣe yẹn, nítorí Windows XP náà kò gbọ́ exFAT àfi bí a bá fi àfikún kan sí i. Ẹ̀rọ tirẹ̀ kò gbọ́ èdè náà, ó sì pè é ní òkú.

Ọmọbìnrin wa so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀, ó sì tẹ èyí:

sudo apt install exfat-fuse exfat-utils

Kò pẹ́ rárá. Ó yọ káàdì, ó tún un fi sí i. Fèrèsé kan ṣí, àwòrán sì kún inú rẹ̀. A tẹ fídíò tí ó gùn jù. Ohùn Bàbá jáde, wọ́n ń bẹ ẹnì kan pé kí ó jọ̀wọ́ ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Àwa àti ìyàwó wa jókòó, a kò lè sọ ohunkóhun títí ó fi parí.

4. LẸ́YÌN TÍ Ó ṢÍ: Ẹ MÁ FI ẸYIN KAN ṢOṢO SÍLẸ̀

Kò tíì tán síbẹ̀. Ohun tí a rí gbà padà lè tún sọnù ní ọ̀la. Ní 1862, iná jó ilé Crowther ní Èkó, ó sì jó ìwé àfọwọ́kọ tí ó kó ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá jọ sí, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà kejì ní láti fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwa tí ẹ̀rọ lè ṣe ẹ̀dà fún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní àwáwí.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé rọrùn láti rántí: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ilé mìíràn. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà wa nísinsìnyí, ọ̀kan wà lórí fláàṣì tí akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde gbé lọ sílé rẹ̀, àwọn ọmọ Bàbá sì ní tiwọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú yín ti fọ́máàtì káàdì rẹ̀, tàbí ó ti pa àwòrán rẹ́ ní àṣìṣe, kí ó má tíì sọ ìrètí nù. Kí ó má ṣe ya àwòrán mìíràn sí i rárá, nítorí èyí tí a bá kọ lé e lórí ni kì í padà mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, fọ́máàtì kíákíá a máa nu ojú-ewé àkóónú nìkan, àwọn ojú-ewé ìwé náà á sì wà níbẹ̀. Ètò kan wà tí ń jẹ́ PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux àti Windows. Ó lè wá àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde. Bí káàdì náà bá sì ń ṣe ségesège, kí a kọ́kọ́ fi ddrescue ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí a wá máa wá nǹkan nínú ẹ̀dà náà, kí a sì fi káàdì gan-an sílẹ̀ kí ó sinmi.

5. OHUN TÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ Ń WÍ FÚN WA

Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 15, Olúwa wa pa òwe obìnrin kan tí owó fàdákà rẹ̀ kan sọnù nínú ilé. Ẹ wo ohun tí ó ṣe: ó tan fìtílà, ó gbá ilé, ó sì fara balẹ̀ wá a títí ó fi rí i. Kò wó ilé. Kò sì wí pé mẹ́sàn-án tí ó kù ti tó. Owó náà kò sọ iye rẹ̀ nù nínú òkùnkùn. Obìnrin náà ni kò tíì rí i.

Ẹ̀yin òbí, a ń bá yín sọ̀rọ̀ níhìn-ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní àwọn ọdún tí a ti ń ṣiṣẹ́ àlùfáà, a ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n pè ní olódo, tí wọ́n sì yọ kúrò ní ilé-ìwé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi ìbéèrè márùn-ún. Ǹjẹ́ ọmọ náà ń rí pátákó láti ibi tí ó jókòó? Ǹjẹ́ ó ń gbọ́ràn dáadáa? Ǹjẹ́ ó jẹun kí ó tó jáde nílé? Ǹjẹ́ ó gbọ́ èdè tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọ? Àbí ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nílé tí kò lè sọ? Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì wò ó. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ sí ọmọ ní ìbínú jọ fọ́máàtì: kíákíá ni à ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣòro láti dá padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ wo inú àpótí yín nílé. Káàdì àti fóònù àtijọ́ tí ẹ ti sọ pé ó kú lè ní ohùn àwọn olùkọ́ wa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó ti lọ nínú. Ẹ gbé wọn wá. Ọmọbìnrin wa ti gbà láti bá wa yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ́máàtì wọn kí ẹ tó gbé wọn wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Kí ni òfin méjì tí tọ́ọ̀ṣì inú kíláàsì kọ́ wa? Ẹ fún un ní àpẹẹrẹ kan láti inú ilé yín.
2. Kí ni ó mú kí káàdì 8GB ṣí nígbà tí káàdì 64GB kọ̀, nínú ihò kan náà?
3. Èwo nínú àwọn àwòrán àti ohùn ìdílé yín ni ó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ẹ ní? Ta ni yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí?
4. Ta ni a ti pè ní òkú láàárín wa, nígbà tí ó jẹ́ pé ògbufọ̀ nìkan ni a kò tíì rí fún un?

Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti wádìí, àti ọwọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Àmín.